Kọ́kọ́rọ́ Ilé Abdul-Ganiyu

"Maman! Ọkùnrin kan ti wọlé!"

Mọ́síùrá sáré jáde láti kíṣìnnì. Tasneem, ọmọ rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé ìwẹ̀ bọ̀, ó di aṣọ mọ́ àyà. Ní àárín pálọ̀, àjèjì kan ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, báàgì wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú ilé mà. Rùfáì lorúkọ mi, láti Ìgbòho. Wọ́n ní tí mo bá ti dé Abidjan, kí n ṣáà máa wọlé."

"Ta ló ṣílẹ̀kùn fún ọ?"

Ó na kọ́kọ́rọ́ kan sókè. "Bùrọ̀dá Kassim tó ti gbé níbí rí ló fi ránṣẹ́ sí mi nílé."

Kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀, ní Ìgbòho! Ta ni Mọ́síùrá fẹ́ bínú sí? Ó bu oúnjẹ fún ọmọ ọlọ́mọ, ó gba kọ́kọ́rọ́ náà, ó júwe ilé Kassim ní Treichville fún un. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, Tasneem kò lè dá wà nílé mọ́. Tó bá ti iléèwé dé, orí àtẹ̀gùn ló ń jókòó sí títí ìyá rẹ̀ á fi ti ọjà Roxy dé.

Abdul-Ganiyu ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú ilé yìí, ní Adjamé, ni ọmọ Ìgbòho tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń sọ̀ sí, ó sì ń fún oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́. Wọn kì í dá a padà. Ẹlòmíì tún ń lọ gé òmíràn fún àbúrò rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́ta tí ọkọ ti kú, ó sì ti yẹ kí obìnrin yìí ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ tipẹ́. Ẹnu ará ilé ló ń bẹ̀rù: wọ́n á ní ọkọ kú tán, ó tilẹ̀kùn mọ́ àwọn.

Lọ́jọ́ kẹrin tí Rùfáì wá, Mọ́síùrá pe Jérémie tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́. Jérémie ní ilẹ̀kùn náà ṣì le, ihò tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀ nìkan lòun máa pààrọ̀. Kò pẹ́ tó fi parí, ó sì kó kọ́kọ́rọ́ tuntun mẹ́ta lé e lọ́wọ́. Mọ́síùrá mú ọ̀kan, ó fún Tasneem ní ọ̀kan.

Ẹlòmíì ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Mọ́síùrá kọ́! Ọjọ́ ìpàdé ọmọ Ìgbòho, ó dìde láàárín èrò.

"Ẹ̀yin ará ilé, mo ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ilé mi. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ọmọbìnrin ló wà nílé, mi ò sì mọ iye èèyàn tó lè ṣílẹ̀kùn bá a. Ẹni tó bá dé, kó wá, kó kanlẹ̀kùn. Oúnjẹ ń bẹ."

Bàbá Àrìmíyàù, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, na ọwọ́. "O ṣeun, ìyàwó wa. Mú tèmi wá."

Kọ́kọ́rọ́ kẹta wà nínú pọ́ọ̀sì Mọ́síùrá. Háà! Ká má tan ara wa, ọ̀pọ̀ nínú wa ì bá ti fà á yọ. Mọ́síùrá kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá. Tí mo bá fún yín, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹlòmíì? Ẹ kanlẹ̀kùn, a ó sáré wá ṣí i."

Àwọn kan pòṣé. Bàbá dìde, ó jáde lọ. Ó dun Mọ́síùrá wọra, ó sunkún délé.

Lọ́jọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn bọ̀ láti ọjà, ó rí i pé kò sí Tasneem níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rí Bàbá Àrìmíyàù níwájú ilẹ̀kùn rẹ̀. Bàbá kanlẹ̀kùn.

"Ta ni?" Ohùn Tasneem dún ketekete láti inú ilé.

"Èmi Àrìmíyàù ni."

Ilẹ̀kùn ṣí. Bàbá fi kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ kan tó ti dípẹtà sí ọmọ náà lọ́wọ́. "Ọjọ́ tí mo dé ìlú yìí ni bàbá rẹ fún mi. Kò ṣílẹ̀kùn kankan mọ́, àmọ́ bá mi tọ́jú ẹ̀."

"Ẹ wọlé, Tonton," ni Tasneem wí. "Maman ò tíì dé. Èmi nìkan ni mo wà nílé."