Gegele Ojú Dígí

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bóyá mo kábàámọ̀. Mo kábàámọ̀, mo sì tún máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló tọ́ mi dàgbà lẹ́yìn tí àwọn òbí wa kú. Ó ń tún aago ṣe, èmi ń ránṣọ, yàrá méjì là ń gbé. "Ata" ló ń pè mí, torí ẹnu mi kì í dákẹ́. Lọ́dún yẹn, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀ kọ̀wé sí i láti ìlú òkèèrè pé kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe dígí kan tó ń wà nínú awò bẹ́ẹ̀ wá kí oṣù méjì tó pé. Bó bá dára, wọ́n á gbà á síṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn. Inú tèmi bàjẹ́. Ta ló máa wá kù fún mi?

Ó gbé àgbá òfìfo kan sáàárín pálọ̀, níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ mi wà báyìí. Ó yọ́ ọ̀dà lé e lórí, ó sì ń gbo dígí ribiti kan lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìyẹ̀fun pupa tó ń mú kó dán. Á tì í lọ, á fà á bọ̀, á sún ẹsẹ̀ díẹ̀, títí á fi yí àgbá náà po. Ìyẹ̀fun ọ̀hún kò jẹ́ kí n gbádùn. Oníbàárà kan gba aṣọ funfun lọ́wọ́ mi, àmì ìka pupa márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ẹ̀gbọ́n mi títí ọ̀fun fi ń dùn mí. Kò dúró.

"Ata, ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. A óò fọ̀ ọ́."

Lẹ́yìn iṣẹ́, a óò fa kọ́tìnnì, èmi á gbé dígí náà nàró síbi ògiri. Fìtílà wà lẹ́yìn agolo tó ní ihò bíńtín. Ìmọ́lẹ̀ á kan dígí, á padà wá, ẹ̀gbọ́n mi á sì fi abẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ gé ìmọ́lẹ̀ náà níwájú ojú ara rẹ̀. Bí dígí bá dọ́gba, òkùnkùn á bo gbogbo ojú dígí náà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí gegele bá wà, á yọ síta bí eéwo.

Lọ́jọ́ kan, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi omi gbígbóná fọ abọ́ tán. Mo fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo ojú dígí, mo tẹ àtẹ́lẹwọ́ mọ́ àárín rẹ̀, mo gbé e lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní gegele ti yọ láàárín. Ó bọ́ síta lọ pọn omi. Nígbà tí èmi náà máa fi yọjú wò ó, gegele ti lọ. Ooru ọwọ́ mi ló mú dígí wú! Èmi tí ẹnu mi kì í dákẹ́, mo dákẹ́.

Láti ìgbà náà, mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná kí n tó gbé e. Ọjọ́ ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi kì í dúró wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi lé gegele tí kò sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé oṣù kan.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Àṣé ọwọ́ mi ò mọ nǹkan kan."

Ọwọ́ yẹn ló kọ́ irun dídì torí mi. Mi ò lè gbà á.

"Bọ̀ọ̀dá mi, èmi ni." Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ ni."

Kò bá mi wí. Ó fi dígí sílẹ̀ kó tutù, ó wò ó. Gegele kò sí, ṣùgbọ́n kòtò ti wà láàárín. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, torí irọ́ mi.

"Ọjọ́ mọ́kànlá ló kù," ó ní. "Wọ aṣọ tó ti gbó. A óò gbo gbogbo ojú rẹ̀ wálẹ̀ títí á fi bá kòtò yẹn dọ́gba."

A jọ yí àgbá náà po fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, màá gbà á. Ó ń sọ ìtàn ìyá wa, èyí tí mi ò gbọ́ rí. N kò tíì tún láyọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wò ó. Ó dìde lórí àpótí tó fi ń jókòó, ó fún mi láyè.

"Ìwọ wò ó. Ohun tí o bá sọ ni màá gbà."

"Lẹ́yìn ohun tí mo ṣe?"

"Wò ó, Ata."

Mo sún abẹ náà wọ inú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òkùnkùn bo gbogbo ojú dígí jẹ́ẹ́, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo mọ̀ pé bí mo bá parọ́, ó máa gbà mí gbọ́.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀, Bọ̀ọ̀dá mi," mo ní. "Ẹ máa di ẹrù yín."