Nọ́ọ̀sì, Dúró De Ìkómọ

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni àpótí Ọmọ́táyọ̀ fi wà ní dídì lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ̀bí kan ní Àgọ́-Ìwòyè, okùn lọ́rùn bí ewúrẹ́ tó ń lọ sọ́jà. Ọdún kẹta ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ni, ọdún tí ọ̀fìnkìn burúkú kan jà káàkiri ayé, tó sì wọ̀lú láìkan ilẹ̀kùn. Ó mú tíṣà, ó mú àgbẹ̀, ó mú awakọ̀. Nọ́ọ̀sì méjì ló wà níbẹ̀. Sarah sá lọ sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní ìlú Awa lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kọ́kọ́ gbóná. Ó wá ku Ọmọ́táyọ̀ nìkan. Bí òun náà bá lọ, wọn á ti ilé ìgbẹ̀bí pa ni.

Ẹ̀rù ń bà á, kí n má parọ́. Bó bá húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, àyà rẹ̀ á já lẹ́ẹ̀mẹta. Bàbá rẹ̀, Tíṣà Hezekiah tó wà ní Abigi, sì kọ̀wé sí i: “Ìwọ nìkan ni mo bí. Fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, máa bọ̀ nílé.”

Ọjọ́ náà gan-an ló di ẹrù. Ṣùgbọ́n ó ti gbẹ̀bí Níkẹ́ láàárọ̀, Níkẹ́ sì di aṣọ rẹ̀ mú.

“Nọ́ọ̀sì, ta ló ń gbẹ̀bí ọmọ tí kì í jẹ ìkọ́kọrẹ́ ìkómọ rẹ̀? Ẹ dúró dọjọ́ kẹjọ, kẹ́ ẹ fún un lórúkọ kan.”

“Ó dáa. Ọjọ́ kẹjọ péré.”

Lọ́jọ́ kẹfà, ìyàwó Ràímì bí ìbejì. Ọjọ́ kẹjọ mìíràn tún bẹ̀rẹ̀. Kí ti ìbejì tó pé, òmíràn ti bọ́ sílẹ̀. Ìbíkẹ́, ìyá Aládùúrà tó ń gbálẹ̀ ibẹ̀, bá dá orin sílẹ̀, ó ń fi ìgbálẹ̀ lulẹ̀ sí i:

*Ọmọ tuntun dé o, ẹ gbà á mọ́ra,*
*Nọ́ọ̀sì wa, fìdí mọ́lẹ̀,*
*Ọjọ́ kẹjọ kò tíì pé!*

Nígbà tó di Sátidé kan, Tíṣà Hezekiah fúnra rẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, ó faṣọ bo imú. Ìdí ìkómọ ló ti bá wọn. Wọ́n bu ìkọ́kọrẹ́ fún un, ó jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́.

“Ó tó báyìí. Ìkómọ ta ló tún kù?”

Ọmọ́táyọ̀ wo bẹ́ẹ̀dì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Òfìfo ni gbogbo wọn. Kò sí aboyún kan tó ń rọbí. Ó yẹ kí inú rẹ̀ dùn. Inú náà kọ̀, kò dùn. Ó gbé àpótí jáde. Awakọ̀ fọn fèrè.

Ni Ìbíkẹ́ bá ju ìgbálẹ̀ nù, ó fi eré sí i. Kò pẹ́ tó fi padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó wọ́ ìyàwó Fàsásì lọ́wọ́, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ kejì obìnrin náà.

“Ẹ dúró o! Mo ti rí ọ̀kan!”

Tíṣà wo ikùn náà títí. “Ìyá, oyún oṣù mélòó rèé?”

“Oṣù márùn-ún ni, sà,” ni ìyàwó Fàsásì wí. “Iyán ni mo ń gún, wọ́n ní nọ́ọ̀sì ń pè mí.”

“Háà! Ṣé kọ́mọ mi wá dúró oṣù mẹ́rin ni?”

“Àti ọjọ́ mẹ́jọ, sà,” Ìbíkẹ́ dáhùn.

Ọmọ́táyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí àpótí, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

“Bàbá mi, mo ti ń sọ ọ́ pé àwọn ló dá mi dúró. Lónìí, kò sẹ́ni tó di aṣọ mi mú, ẹsẹ̀ mi sì kọ̀. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí o. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ igbe ọmọ tuntun, n kì í rántí ẹ̀rù mọ́.”

Ó tú okùn àpótí, ó fa okùn náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó yíjú sí ìyàwó Fàsásì: “Ẹ gbé ọmọ odó yẹn sílẹ̀, kí n wo ikùn yín.”

Tíṣà wo okùn. Ó bá ká a mọ́ ọwọ́, ó gun lọ́rì.

“Mò ń mú okùn yìí lọ sí Abigi,” ó wí, “kọ́mọ mi má baà tún rí nǹkan fi di ẹrù. Ìyá, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́jọ: ẹ bu ìkọ́kọrẹ́ tèmi sílẹ̀ o!”

Ìbíkẹ́ ti mú ìgbálẹ̀ rẹ̀, ó ti gbé orin.