Àfi Ìborí Àdúrà

Ìgbà kẹta tí Olúrónkẹ́ yóò rìn láti ọ́fíìsì dé géètì lọ́jọ́ náà nìyí, ìrìn náà kò sì rẹ̀ ẹ́ tó bí ọ̀rọ̀ ti sú u. Jàmílàt ṣì wà lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lódìkejì títì, ó gbé báàgì rẹ̀ sáyà, híjáàbù funfun báláú sì wà lórí rẹ̀. Láti Àgọ́ Aláyé ni ọmọ náà ti gun ọ̀kadà wá sí Òdìgbò kí agogo méje àárọ̀ tó lù. Agogo kan ti lù kọjá báyìí. Bí ó bá di agogo méjì, ọkùnrin tó gbé ẹ̀rọ àyàwòrán àti ẹ̀rọ ìtẹ̀ka wá láti Ọ̀rẹ̀ yóò palẹ̀ mọ́, ọmọ tí kò bá sì tíì ya fọ́tò kò ní ṣe ìdánwò oníwèé mẹ́wàá lọ́dún yìí.

"Anti, kí ni wọ́n wí?" Jàmílàt bèèrè.

"Wọ́n ní kí o ṣí i."

"Ṣé ẹ sọ fún wọn pé bàbá mi ní kí n má ṣí i?"

"Mo sọ fún wọn. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Èmi náà ò fẹ́ ṣí i, ma. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì."

Kí ni ènìyàn yóò ti wí sí èyí? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò ní olùkọ́ kẹ́místírì láti ọdún tó kọjá, tí ewúrẹ́ ń sùn nínú yàrá ìkàwé rẹ̀, òun náà ni ó rí àyè fi odindi ọ̀sẹ̀ kan ṣọ́ orí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Wọ́n fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, làpálàpá ni wọ́n ń pa. Olúrónkẹ́ kì í sì í ṣe Mùsùlùmí. Inú ilé àdúrà ni wọ́n bí i sí, inú sùtánà ni ó ti kọ́ ìrìn. Síbẹ̀, láti àárọ̀ ni àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń wò ó bí ẹni tó ta ìyá rẹ̀.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn jù ni pé òun gan-an ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ òfin ìborí tí wọ́n fi ti ọmọ náà mọ́ta. Olùkọ́ èdè Yorùbá ni. Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ òbí òun olùkọ́, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí, ní kí ó kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn òbí tó ń ti oko Araromi-Obu wá lè gbọ́ ọ. Alága ẹgbẹ́ náà, Wòlíì Ọlọ́runnísọ̀lá, ni ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ pe gbólóhùn tó kẹ́yìn, nítorí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ tí wọ́n máa ń pàṣẹ ìborí funfun fún.

Olúrónkẹ́ yọ ìwé òfin náà kúrò lára pátákó ìkéde, ó gbé e wọ ọ́fíìsì. Ọ̀gá àti Wòlíì jọ jókòó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka òfin yìí."

"Òfin tí ìwọ fúnra rẹ kọ?"

"Ìdí tí mo fi mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ nìyẹn, sà." Ó kà á sókè: "Akẹ́kọ̀ọ́ kankan kò gbọdọ̀ bo orí wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, àfi ẹni tí ìborí rẹ̀ bá jẹ́ ti àdúrà." Ó gbójú kúrò nínú ìwé. "Ti àdúrà ni ti Jàmílàt, sà."

Wòlíì rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, àwa là ń gbàdúrà. Àwọn, ìrun ni wọ́n ń kí. Bí o bá ní kí ọlọ́kadà gbé ọ lọ sí ilé àdúrà, ṣé mọ́ṣáláṣí ni yóò já ọ sí?"

Ẹ̀rín gba ẹnu Ọ̀gá, ẹ̀pà fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun.

"Ọlọ́kadà kọ́ ló ni èdè, Bàbá," Olúrónkẹ́ fèsì. "Kí ṣọ́ọ̀ṣì kankan tó dé ilẹ̀ wa ni àwọn Mùsùlùmí ti ń pe àdúrà ní àdúrà. Ọwọ́ wọn la ti yá a. Ọwọ́ wọn la ti yá wàásù tí ẹ ń ṣe lọ́jọ́ Àìkú, ọwọ́ wọn la ti yá àlùfáà. Bí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ kó ẹrù àwọn, ẹnu wa yóò gbófo lórí pẹpẹ."

"Ṣé kíláàsì Yorùbá la wà ni?" Ọ̀gá gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ báírò, ó fa ìlà lé ìdajì òfin náà. "Mo ti fagi lé e. Kò sí ìborí kankan mọ́, ti àdúrà ni o, ti ìrun ni o. Ó parí."

"Ó parí, sà." Olúrónkẹ́ yọjú síta, níbi tí àwọn ọmọ tó fẹ́ ya fọ́tò tò sí. "Olúwaṣèyífúnmi, wá. Ọ̀gá ní kí o ṣí orí."

Ọmọ Wòlíì ni. Aṣọ funfun tí wọ́n fi òróró sí ni ó wé mọ́rí. Ó wọlé, ó fi ọwọ́ kan aṣọ náà, ó wo bàbá rẹ̀. "Dádì, ọjọ́ méje lẹ ní. Òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọjọ́ kẹrin."

Kò dùn mọ́ Olúrónkẹ́ láti rí ojú ọmọ náà. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ojú ló bá imú.

Wòlíì gbọn èèpo ẹ̀pà kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Afọlábí, ta ló ní kí o fagi lé e?"

"Bàbá, ṣebí ẹ gbọ́ bó ṣe ń fọ́nnu ni?"

"Kọ ọ́ padà."

"Bí mo bá kọ ọ́ padà, ọmọ ẹ̀yìn géètì yẹn yóò wọlé."

"Kó wọlé. Èmi ni mo ti géètì?"

Olúrónkẹ́ kò dúró gbọ́ ìyókù. Nígbà tí Jàmílàt fi máa jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ku ìṣẹ́jú méjìlá kí agogo méjì lù. Ọkùnrin oníẹ̀rọ kò tilẹ̀ bèèrè nǹkan kan. "Ojú ẹ ni mo fẹ́ rí, mi ò bá ẹ wá irun. Gbójú sókè. Mẹ́ta irú ẹ ni mo yà lánàá." Ó yà á, ó ní kí ó tẹ àtàǹpàkò, ó tán. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, ọmọ ọlọ́mọ sì ti fi odindi wákàtí mẹ́fà dúró sí ẹ̀bá títì nítorí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ó jàre. Ẹnikẹ́ni kò ní kí ó pẹ̀lẹ́. Ọmọ tiwọn ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún, òun kàn bá a wọlé ni.

Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. "Ti fọ́tò nìkan ni o."

"Anti," Jàmílàt sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "lọ́jọ́ Ajé ńkọ́? Ṣé kí n wọ̀ ọ́ wá?"

"Ọ̀gá," Olúrónkẹ́ wí, "ó ń bèèrè lọ́wọ́ yín."

"Kó lọ bi Wòlíì," Ọ̀gá fèsì, ó sì wọlé padà.

Olúrónkẹ́ yíjú sí Jàmílàt. "Wọ̀ ọ́ wá," ó sọ fún ọmọ náà, "kí o sì tètè dé. Ìṣirò lẹ kọ́kọ́ ní."