Ẹni Tí Yóò Máa Ka Ọ̀nà fún Tàjùdéèn

Iṣu ni Àsúmáù ń bẹ lọ́wọ́ nígbà tí Tàjùdéèn ọkọ rẹ̀ wọ kíṣìn, tó ní kó múra sílẹ̀, pé tó bá di Sátidé àwọn á lọ yan ìwé atọ́nà. Ọ̀bẹ dúró sínú iṣu. Obìnrin náà kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, "Ó dáa, sà," ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu.

Láti ìgbà tí wọ́n ti túnu ààwẹ̀ ni ọkùnrin yìí ti ń sọ ọ́. Ó fẹ́ wa mọ́tò gba ọ̀nà àtijọ́ tó ti London lọ sí Edinburgh, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní Great North Road. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ni ọ̀nà yẹn ti wà, ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà gba orí rẹ̀. Nígbà tí Tàjùdéèn wà ní géńdé, tánkà epo ló ń wà láti Èkó dé Kánò, dé Gúsáù. Nígbà tó dé London, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fún un wà, ó sì wà á títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ní gbogbo ọdún yẹn, ńṣe ni òun ń yípo bí ewúrẹ́ tí wọ́n so mọ́ èèkàn: Peckham sí Surrey Quays, Surrey Quays sí Peckham. Ó ní òun fẹ́ wa mọ́tò síwájú lẹ́ẹ̀kan péré kí òun tó kú, kí òun má yí padà títí ilẹ̀ á fi tán.

Ìbá dùn mọ́ Àsúmáù nínú. Àmọ́ ó ní ohun tó ti ṣẹlẹ̀.

Nígbà òtútù tó kọjá, Tàjùdéèn gbé mọ́tò lọ kí Jímọ̀. Mọ́ṣáláṣí náà kò jìnnà. Ẹsẹ̀ ló fi padà dé, ilẹ̀ ti ń ṣú, aṣọ rẹ̀ rin gbindin. Ó ní olè ti jí mọ́tò òun. Roqeeb, ọmọ wọn ọkùnrin, ló wá mọ́tò náà kàn ní Sydenham lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, fìlà bàbá rẹ̀ wà lórí ìjókòó. Olè wo ló máa jí mọ́tò tó máa fi mọ́tò àti fìlà sílẹ̀? Kò sẹ́ni tó béèrè. Ta ló máa la ẹnu ní kí baálé ilé wá ṣàlàyé? Gbogbo wọn jókòó sí pálọ̀, wọ́n gbé olè tí kò sí ṣépè, Roqeeb sì ṣe àmín.

Èyí tí Roqeeb kò mọ̀ ni ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Brockley. Àsúmáù nìkan ló wà nínú mọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Iná ojú títì ti pọ́n. Obìnrin kan ti kẹ̀kẹ́ ọmọ bọ́ sójú títì. Tàjùdéèn kò tẹ bíréèkì. Àsúmáù pariwo, obìnrin náà fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, mọ́tò fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ẹsẹ̀ ọmọ náà kọjá. Tàjùdéèn yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó béèrè ohun tó ń ké sí. Ó ní iná ti fún àwọn lọ́nà. Láti ọjọ́ náà, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò bá ti dún, Àsúmáù á sáré dé ojú fèrèsé. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ń bà á pé tóun bá sọ ọ́, á di òótọ́.

Ó pe Roqeeb lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ iṣu yẹn, ó ní kó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó fi mọ́tò wíwà sílẹ̀, òun ni àkọ́bí ọkùnrin. Roqeeb ní Mummy ni ìyàwó, àwọn ni kí wọ́n sọ ọ́. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún ara wọn bí ẹ̀yinná. Níkẹyìn Roqeeb ní, "Mummy, it's calm. It's just a book, innit. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra ìwé wọn, wọ́n máa forget ẹ̀."

Sátidé pé. Àsúmáù ní kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, pé kò ní sí ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí. Rye Lane kún fọ́fọ́, Tàjùdéèn ń rìn níwájú, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn bíi bàbá tó fẹ́ lọ fẹ́ ìyàwó fọ́mọ. Ṣọ́ọ̀bù ìwé náà wà ní igun kan lẹ́yìn ibi tí èrò ti ń pọ̀. Inú rẹ̀ dákẹ́. Àsúmáù kò fẹ́ràn ibi tó bá dákẹ́; ibẹ̀ ni etí ti máa ń gbọ́ àṣìṣe èèyàn. Ọmọbìnrin òyìnbó tó ń tajà kó ìwé mẹ́ta wá, ó tẹ́ wọn síwájú wọn.

Ohun tó dun Àsúmáù jù ni pé ara ọkọ rẹ̀ yá lọ́jọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ mọ́ bí omi àfòwúrọ̀pọn. Ó gbé ìwé kìíní, ó dán, àwòrán ilé oúnjẹ àti ilé ìtura ló kún inú rẹ̀. Ó ní ìwé ọ̀jẹun lèyí, kì í ṣe ìwé awakọ̀. Ìkejì, máàpù ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní ẹni tó ń di sítíárì mú kò lè máa wo àwòrán. Ìkẹta kéré, ó sì nípọn, lẹ́tà inú rẹ̀ rí bí èèrà. Ó ṣí i, ó kà á díẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwé náà ń sọ ọ̀nà ní máìlì kọ̀ọ̀kan: ibi tí ọ̀nà àtijọ́ ti yà kúrò lára tuntun, òkúta tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lẹ́bàá ọ̀nà, afárá tóóró, ilé tí wọ́n ti máa ń pààrọ̀ ẹṣin.

"Èyí ló mọ ọ̀nà," ni Tàjùdéèn wí. "Ìwé atọ́nà gidi, kí nǹkan tó dé ló ti ń sọ ọ́. Tó bá jẹ́ lẹ́yìn tó bá dé tán ni, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ṣàlàyé ẹ̀ fún ọmọbìnrin náà lédè òyìnbó, ìyẹn ń rẹ́rìn-ín, ó ní kó wá bá àwọn ṣiṣẹ́. Ọkàn Àsúmáù sọ̀rètí nù. Ẹni tí orí rẹ̀ pé báyìí, ta ló máa sọ fún un pé kò pé?

Tàjùdéèn na ìwé náà sí i. "Ìwọ lo máa jókòó lápá òsì mi, Ìyá Roqeeb. Kà á kí n gbọ́."

Kíláàsì kẹta ni Àsúmáù dé ní Ìsẹ́yìn kí wọ́n tó mú un kúrò nílé ìwé. Tàjùdéèn ló forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún kíláàsì àwọn àgbà ní Peckham Library, òun ló máa ń dúró dè é nísàlẹ̀ nínú mọ́tò títí wọ́n á fi ṣe tán. Lálẹ́, á jókòó tì í ní kíṣìn pẹ̀lú ìwé ìròyìn ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń pín ní ibùdókọ̀ ojú irin, á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ọjọ́ tí Àsúmáù ka ìròyìn kan parí láìdúró, Tàjùdéèn pe àwọn èèyàn rẹ̀ ní Nàìjíríà lórí fóònù, ó ń fi ìyàwó rẹ̀ yangàn.

Ó wo ojú ìwé náà. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ hàn sí i: lẹ́yìn afárá, yà sápá òsì, ṣọ́ra, àwọn èèyàn máa ń sọdá níbí. Ó rí obìnrin Brockley, ó rí kẹ̀kẹ́ ọmọ. Tí kò bá sí ẹni tó máa ka ọ̀nà, mọ́tò kò ní kúrò nílé. Ó la ẹnu. Ó pe ọ̀rọ̀ kìíní sí wẹ́wẹ́, ó pe ìkejì bí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó dúró.

Tàjùdéèn ní kó mú dígí ojú rẹ̀ jáde.

"Kì í ṣe ti dígí. N kò mọ̀ ọ́n kà, sà."

"O ò mọ kí ni kà?"

"Ìwé òyìnbó. Ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀wé."

Tàjùdéèn rẹ́rìn-ín. "Àsúmáù, fi àpárá sílẹ̀. Ta ló wá ń ka ìwé ìròyìn fún mi ní kíṣìn?"

Ó kù díẹ̀ kí òun náà rẹ́rìn-ín. Ṣebí kó kàn ní àpárá lòun ń dá, ọ̀rọ̀ tán. Ó di ẹ̀gbẹ́ tábìlì mú. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń kà á fún yín, Bàbá Roqeeb. Bóyá ẹ lá a ni."

Ojú ọkùnrin náà yí padà bíi ti ẹni tó nawọ́ sí ilẹ̀kùn ilé ara rẹ̀ tó bá ògiri. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìwé, ó tún wo ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó rọra to ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta léra, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó jáde.

Nígbà tí wọ́n dé iwájú Peckham Library, ó dúró. Ó nawọ́ sí ẹ̀bá títì. Ó ní ṣé kì í ṣe ibẹ̀ yẹn lòun ti máa ń dúró dè é. Irọ́ kìíní ti lóyún ìkejì.

"Rárá, sà."

"Nínú mọ́tò. Wàá gbé báàgì búlúù dání."

"Rárá, sà."

Wọ́n délé. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í léèrè jẹ́jẹ́. Ṣé òun wa tánkà dé Gúsáù? Ó dé ibẹ̀. Ṣé pupa ni tánkà náà? Pupa ni. Ìyá òun ńkọ́, ṣé wọ́n ti kú? Wọ́n ti kú, ó ti pẹ́. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí olè jà tó ń wo ohun tó kù nílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò jáde lápò.

"Gbà á," ló wí. "Orí tó lè jókòó hun irú ìtàn yẹn, kò yẹ kó máa gbé èèyàn rìn."

Àsúmáù gbà á. Ohun tó ń wá náà nìyẹn. Ó wọ ilé ìwẹ̀, ó ṣí omi kí wọ́n má baà gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sunkún.

Nígbà tí Roqeeb gbọ́, inú rẹ̀ dùn. Ó ní Mummy try gan-an, ó béèrè bí wọ́n ṣe ṣe é. Àsúmáù ní bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ nǹkan mìíràn bá kọ́kọ́rọ́ náà lọ. Tàjùdéèn kò fá irùngbọ̀n mọ́. Kó tó se tíì, á kọ́kọ́ béèrè bóyá òun ti mu tíì. Á dìde láti kírun, á dúró lórí ẹní, á ní, "Àsúmáù, ṣé mo ti kí i?" Tí ìyẹn bá ní rárá, á gbà. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á gbà. Ọkùnrin tí kò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni rí. Àsúmáù dìde lọ bá a nígbà mélòó kan láti jẹ́wọ́. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà yàrá, obìnrin Brockley á ti wà níbẹ̀ tòun ti kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, Àsúmáù á ṣẹ́rí padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti ibi iṣẹ́ dé, kò bá a nílé. Bàtà rẹ̀ kò sí lẹ́nu ọ̀nà. Ó sáré bọ́ sílẹ̀, ó wo mọ́tò, mọ́tò wà níbi tó wà. Ó sáré dé títì, ó ń wo ojú ẹni gbogbo. Ibẹ̀ ló wà tí Tàjùdéèn fi yọ láti ọ̀nà Rye Lane, ó ń rìn bọ̀ pẹ́lẹ́, ó gbé nylon dání. Ó ti fá irùngbọ̀n.

Ṣọ́ọ̀bù ìwé ló lọ. Ọmọbìnrin òyìnbó ti bá a wá òmíràn lórí ọ̀nà kan náà, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn tó ń kó ọmọ rìn. Lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi, ọ̀rọ̀ kò pọ̀ lójú ewé. Ó gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì kíṣìn, ó fọwọ́ ra á.

"Mo ti rò ó," ló wí. "Orí mi ló ń ṣe mí, èmi ò ya ọ̀lẹ. Màá kọ́ ọ. Ọjọ́ tí o bá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, wàá dá kọ́kọ́rọ́ mi padà, a ó máa lọ. Ìwọ á jẹ́ orí, èmi á jẹ́ ọwọ́."

Kí ni Àsúmáù fẹ́ sọ? Ó ní, "Ẹ ṣé, sà."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá ti jẹun alẹ́, á nu tábìlì, á fa àga, á fi ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe nígbà yẹn. Sùúrù rẹ̀ kò yí padà. Ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yá, ó ń jẹun, ó ń sọ fún àwọn èèyàn ní mọ́ṣáláṣí pé òun ń kọ́ ìyàwó òun níwèé. Kò mọ̀ pé wọ́n ti gbọ́ ọ rí. Tí wọ́n bá kí Àsúmáù kú oríire, á dá wọn lóhùn, á wolẹ̀.

Àṣé iṣẹ́ ni kéèyàn máa ṣe bí aláìmọ̀wé. Ojú á ti sáré lọ síwájú kí ẹnu tó dé. Ó ní láti yan ọ̀rọ̀ tí òun máa ṣubú lé. Ó ní láti rántí èyí tó ṣubú lé lánàá, kó má baà jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ Mọ́ńdè, kò mọ̀ ọ́n ní Túsídè. Ó ń ṣọ́ Tàjùdéèn. Nígbà mìíràn ọkùnrin náà á kọ́ ọ ní ojú ewé kan náà tí wọ́n ti parí, kò ní mọ̀. Àsúmáù á kà á bí ẹni tí kò rí i rí. Ó máa ń gbàdúrà pé kí ọkọ òun gbàgbé ọ̀nà yẹn pátápátá. Tó bá ti gbà á tán, á tún máa tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ kan, òjò ń rọ̀, ó ti rẹ Àsúmáù. Ọ́fíìsì tó ń nu ní Surrey Quays ti gba gbogbo agbára rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti kúrò ní Berwick ni wọ́n wà nínú ìwé náà, tí òkun wà lápá ọ̀tún tí atẹ́gùn ń fẹ́. Ẹnu rẹ̀ yọ̀. Ó ka ìlà kan tán, ó ka ìkejì, ó ń dún geere, kó tó gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Ìka Tàjùdéèn dúró.

Kò wo ìwé mọ́, ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Kò yọ̀ bí olùkọ́ ṣe ń yọ̀. Ó rí bí ẹni tí nǹkan kan fẹ́ padà sí i lọ́wọ́ tí ẹ̀rù ń bà láti di í mú.

"Tún un kà," ló wí. "Àsúmáù. Tún un kà bí o ṣe kà á yẹn."

Àsúmáù fi ọwọ́ méjèèjì di abẹ́ àga mú. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kejì. Ó fọ́ ìkẹta sí wẹ́wẹ́, ó pe òkun bí ọ̀rọ̀ mìíràn, ó ń retí.

Tàjùdéèn mí kanlẹ̀. Ó fọwọ́ pa ojú ara rẹ̀, ó sì dá ìka padà sí ìbẹ̀rẹ̀ ìlà.

"Kò burú," ló wí. "A ò kánjú."

Ó pe ọ̀rọ̀ kìíní, ó ní kó pè é tẹ̀lé òun. Àsúmáù pè é.