Ọ̀bẹ Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ fún Rúlà

Ọjọ́ tí Rúlà, àgbà káfíńtà, máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè rán lọ ra ọ̀bẹ rẹ̀ àfi Fọ́máànù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé iṣẹ́ náà nìyẹn láti ìgbà tí bàbá tó dá a sílẹ̀ ti wà láyé. Káfíńtà tó bá ti lo ogún ọdún níbẹ̀, ọ̀bẹ àpò ni wọ́n máa fi sìn ín lọ sílé, ẹni tí tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ dá lọ yàn án. Kò gbọ́dọ̀ bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti ń wo ọwọ́ èèyàn láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, ó yẹ kó mọ ọ̀bẹ tó máa bá ọwọ́ náà mu.

Ọ̀bẹ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é, nítorí pé èèkù rẹ̀ jọ ọkọ̀ ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ àwọn apẹja: ẹnu rẹ̀ méjèèjì ga sókè díẹ̀, àárín rẹ̀ sì tẹ̀ wọnú. Ojú méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, méjèèjì ló sì ń ká wọ inú èèkù. Èyí tó tóbi wà fún igi, èyí tó kéré wà fún pẹ́ńsùlù.

Fọ́máànù ì bá ti ti iṣẹ́ yìí sọ́rùn ẹlòmíràn bó bá ṣeé ṣe. Lọ́dún tó kọjá, Rúlà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí ẹ̀rọ tó ń la igi, ó ń fi ọwọ́ òsì yọ èérún pákó tó há sábẹ́ ayùn. Fọ́máànù ń kánjú, kò bojú wo ẹ̀yìn, ó tan ẹ̀rọ. Àtàǹpàkò Rúlà lọ, ìka ìfábẹ̀lá tẹ̀ lé e. Ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ̀bi, Rúlà sì fọwọ́ sí i. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń kí ara wọn láàárọ̀, wọ́n ń kí ara wọn nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà nínú àwọn méjèèjì. Wọ́n gbé Rúlà sídìí pépà tí wọ́n fi ń dán igi, iṣẹ́ tí wọ́n ń fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọdún kan gbáko ló fi fara dà á. Lẹ́yìn náà ló ní òun ń lọ sílé.

Ohun kan ṣoṣo ni Fọ́máànù ń fẹ́: kí Rúlà gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ òun, kó sì wo ojú òun bó ti ń gbà á. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun á mọ̀ pé ó ti yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́kàn.

“Bàbá Ìbejì, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó jáde,” ni ìyàwó rẹ̀ wí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

“Ebi ò pa mí.”

“Ọ̀bẹ lẹ fẹ́ lọ rà. Kí ló dé tẹ́ ẹ fajú ro bí ẹni tó ń lọ ra pósí?”

Fọ́máànù wọ bàtà, ó jáde.

Ṣọ́ọ̀bù náà há, ó sì ń rùn fún epo ẹ̀rọ. Ìṣó kún inú páànù, kọ́kọ́rọ́ rọ̀ sókè lórí wáyà. Fọ́máànù ní ọ̀bẹ lòun wá rà, ìyá arúgbó tó ni ṣọ́ọ̀bù náà sì wò ó láti òkè dé ilẹ̀.

“Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọ̀bẹ lo fẹ́, ojú rẹ sì rí báyìí? Ṣé kì í ṣe pé o fẹ́ lọ gún èèyàn?”

“Ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, ìyá. Ẹ̀bùn ni. Ọ̀pẹ́ẹ́rẹ́ ni mo fẹ́.”

Ìyá náà tẹ́ aṣọ sórí káńtà, ó to ọ̀bẹ mẹ́rin sí i. Fọ́máànù mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé ti àkọ́kọ́ sókè sí ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ yọ láàárín irin àti èèkù, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ojú èkejì ń mì lójú ìṣó tó dè é. Ẹ̀kẹta kò ní àbùkù kankan. Èèkù igi dúdú ló ní, ó dán, kété tó fi èékánná kàn án ló ṣí.

“Ìyẹn dára fún àgbà,” ni ìyá náà wí. “Kò ní fìyà jẹ ọwọ́.”

“Ó rọ̀ jù. Bó bá ń fi gé igi lọ́wọ́, á ká lé e lórí ìka.”

Bó ti dárúkọ ìka báyìí, ó ti ọ̀bẹ náà sẹ́yìn kíákíá bí ẹni pé ó ti gé ẹnìkan ná. Ó mú ẹ̀kẹrin. Egungun ni èèkù rẹ̀, ó ti pọ́n díẹ̀. Ó fi èékánná fa ojú rẹ̀, kò mira. Ó di èèkù mú gírígírí, ó tún fà á, ó sì jáde pẹ̀lú ariwo, kọ̀ọ̀! Ó fi ẹ̀yìn irin náà ti férémù ilẹ̀kùn pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò yẹ̀. Irú èyí kò lè gé ẹni tó ni ín láé.

“Èyí mà le o,” ni ìyá náà wí. “Ta ló fẹ́ lò ó?”

“Ẹ̀gbọ́n mi kan níbi iṣẹ́.”

“Ṣé agbára ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀?”

Fọ́máànù di ojú bí wọ́n ti ń ṣe níbi iṣẹ́ wọn, kí ó lè rí ọwọ́ ẹni tó ń yan ọ̀bẹ fún. Ó rí ọwọ́ Rúlà méjèèjì lórí ìfági, bó ti rí wọn lójoojúmọ́ láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló rí.

“Ọwọ́ rẹ̀ le ju igi lọ,” ló wí. “Ẹ bá mi dì í.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ tí Rúlà ń lọ, wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Àwọn káfíńtà yí tábìlì rẹ̀ ká. Aláriwo, tó ń kan ilẹ̀kùn, ló bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n Rúlà, tẹ́ ẹ bá délé, ẹ má fi rúlà wọn bẹ́ẹ̀dì ìyàwó yín o!”

“Mo ti wọ̀n ọ́n tipẹ́. Ó fi ínṣì méjì wọ́.”

“Àgbẹdọ̀! Ta ló kàn án?”

“Ìwọ mà ni.”

Ẹ̀rín sọ. Fọ́máànù náà rẹ́rìn-ín, ó sì na ọ̀bẹ náà sí i. Rúlà fi ọwọ́ ọ̀tún gbà á, ó sì wo ojú rẹ̀.

“O ṣeun,” ló wí.

Ara Fọ́máànù wálẹ̀, ó mí kanlẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọdún kan. Ó ku ohun kan: ẹni tó ń lọ gbọ́dọ̀ ṣí ọ̀bẹ rẹ̀ lójú gbogbo wọn, kó fi fá èérún igi pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan lára tábìlì rẹ̀, kó fi èérún náà sápò.

Rúlà gbé ọ̀bẹ náà sọ́wọ́ òsì. Ìka mẹ́ta ló fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó fi èékánná ọ̀tún fà á, èèkù náà yọ́ bọ́. Ó tún un mú, ó tún yọ́. Ó fi há àárín eékún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í bò ó níwájú orí. Ọ̀bẹ náà já bọ́ sílẹ̀. Aláriwo gbójú sókè, ó ń wo àjà. Ẹnìkan fẹ́ bá a mú un.

“Fi sílẹ̀,” ni Rúlà wí. Ó mú un fúnra rẹ̀.

Omi tútù dà sí Fọ́máànù lára. “Ẹ̀gbọ́n, èyí tó rọ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ jẹ́ n sáré lọ pààrọ̀ rẹ̀.”

“O rí èyí tó rọ̀?”

“Mo rí i.”

“O mú un lọ́wọ́?”

“Mo mú un lọ́wọ́, sà.”

“O wá yan èyí.”

“Mo rò pé èyí ò ní lè ká lé yín lórí ìka.”

“Ìka wo?”

Rúlà kò pariwo. Bí ẹni tó ń béèrè ìwọ̀n pákó ló ṣe béèrè rẹ̀, ó sì dúró de èsì. Fọ́máànù wo ọwọ́ òsì Rúlà.

“Ṣí i,” ni Rúlà wí.

Fọ́máànù gbà á, ó ṣí i. Rúlà fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ fá èérún igi lára tábìlì náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ó gùn, ó fẹ́lẹ́, kò já. Ó ká èérún náà sápò. Ó wá fa aṣọ tó fi ń nu òógùn yọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi wé ojú ọ̀bẹ náà bó ti wà ní ṣíṣí.

“Ẹ jẹ́ n bá yín pa á dé, ẹ̀gbọ́n. Á gé yín.”

“Tí o bá pa á dé, ta ló máa bá mi ṣí i nílé?”

Ó bọ gbogbo wọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Fọ́máànù, ó gbé ọ̀bẹ náà bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún, ó sì mi orí sí i. Ó jáde.

Fọ́máànù tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà, kò kọjá ibẹ̀. Rúlà ń lọ létí títì, ó na ọ̀bẹ náà jìnnà sí ara. Aṣọ tó wé e mọ́ ti tú díẹ̀, ẹnu irin náà yọ. Àwọn tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ń rí i, wọ́n sì ń yà fún un.