Ọjọ́ Tí Afra Kọ́kọ́ Dá Wakọ̀ Ojú Irin

Ẹnu Korbinian ò sinmi láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti kúrò ní Munich. Bàbá tó wakọ̀ ojú irin títí tó fi fẹ̀yìn tì ni o, àmọ́ ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ bó ṣe ń yangàn bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Inú dídùn ló ń mórí yá.

"Afra ọmọ mi ló máa gbé mi dé pápákọ̀ òfuurufú lónìí! Òun nìkan! Kò sí ọ̀gá kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ mọ́."

Zenta, aládùúgbò rẹ̀ tó ń lọ sí Freising, bú sẹ́rìn-ín. "Pápákọ̀ kẹ̀? Bàbá Afra, iwájú pátápátá lẹ jókòó sí yìí! Tá a bá dé Neufahrn, wọ́n á tú ọkọ̀ sí méjì. Iwájú ń lọ Freising, ẹ̀yìn ló ń lọ pápákọ̀. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń pariwo ẹ̀ sí wa létí nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń wakọ̀!"

"Yéè! Mo gbé!"

Ìdí yàrá awakọ̀ ló mọ́ ọn lára, ibẹ̀ lẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e lọ. Ó sì mọ̀ dáadáa pé Neufahrn ni Afra ti máa gba ọkọ̀ ẹ̀yìn wà.

Bí wọ́n ṣe dúró níbẹ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń tiro lọ sẹ́yìn, orúnkún rẹ̀ ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Kó tó rìn dé ìdajì, ọkọ̀ iwájú ti lọ. Ó wá rí Afra lẹ́yìn gíláàsì ọkọ̀ kejì, nínú aṣọ iṣẹ́ tuntun.

"Afra! Ọmọ mi, dúró dè mí! Jọ̀ọ́!"

Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí eléyìí bá pẹ́, ìyẹn náà á pẹ́, gbogbo ìrìn àárọ̀ á dojú rú. Afra bojú wo aago. Ó tẹ bọ́tìnì.

Ilẹ̀kùn pa dé. Ọkọ̀ rọra ṣí, ó gba ẹ̀gbẹ́ bàbá kọjá lọ.

Ọ̀dọ́kùnrin kan sún mọ́ ọn. "Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Awakọ̀ burúkú gbáà! Ó rí yín, ó sì fi yín sílẹ̀."

"Ta lò ń pè ní burúkú?" Omi ń dà lójú Korbinian, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi nìyẹn! Èmi ni mo bí i, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́ yìí! Ká ní ó dúró dè mí ni, ojú ì bá tì mí."