Ẹja Ṣẹ́rì Mákánjúọlá

Omi inú àpótí gíláàsì náà dà bí omi tí wọ́n fi ṣan àwo ọbẹ̀ àná. Rebecca dúró níwájú rẹ̀, ó yínmú. Ẹja kan ti kú, ó ń léfòó, ikùn rẹ̀ dojú kọ òkè.

Kì í ṣe pé òkú ẹja ń rí i lára. Etí ọ̀sà ní Bàrígà ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn apẹja Ìlàjẹ, kí ó sì tó mọ ìwé í kà ló ti mọ ìfun ẹja í yọ. Títí di òní, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀. Òkú ẹja tó ń bá ṣe láti àárọ̀ dalẹ́ yìí gan-an ló jẹ́ kí ó gbé àpótí gíláàsì sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ladi-Lak: ó fẹ́ kí ẹja kan wà láyé òun tí kò ní wọ inú iná.

Báàbù ló ń sìn níbẹ̀. Ẹja kékeré ni, kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ló wà. Èyí tó kọ́kọ́ rà ni báàbù abilà, tó ní ìlà dúdú mẹ́rin lóòró ara bí aṣọ ẹlẹ́wọ̀n. Oníwàhálà ni wọ́n. Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìrù jíjẹ pa Ìyàwó, ìyẹn ẹja funfun kan tí lẹbẹ rẹ̀ ń wọ́ tẹ̀lé e bí aṣọ ìgbéyàwó. Ló bá kó wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n fún un ní Palmgrove. Láti ìgbà náà, báàbù ṣẹ́rì ló ń wù ú. Ó ti kà nípa rẹ̀ lórí fóònù: ẹja oníwà pẹ̀lẹ́ ni, akọ rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, abo rẹ̀ rí bí omi tíì, ìlà dúdú kan ṣoṣo ló fà láti ẹnu rẹ̀ dé ìrù. Ó wá a títí, kò rí i rà. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún Mákánjúọlá.

Opó ni Rebecca. Mákánjúọlá, tó ń tẹ káàdì ìgbéyàwó ní Ṣómólú, fẹ́ fi í ṣaya, Sọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí sì ni àwọn ẹbí rẹ̀ máa wá gbọ́ ìdáhùn. Ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tẹ̀ sórí káàdì ọmọ ọlọ́mọ láti ọjọ́ yìí ló kù sí i lẹ́nu. Á ní Rebecca ni òdòdó ọkàn òun, á ní òṣùpá tó yọ lójijì ni. Rebecca á máa wò ó bí ẹni ń wo ọlọ́jà tó rọ omi sí ẹja kí ó lè wúwo. Wọ́n ní ohùn pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò. Àpò tirẹ̀ kò ní obì, ìpẹ́ ẹja ló kún ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, Mákánjúọlá dé pẹ̀lú náílọ̀nù omi lọ́wọ́, báàbù mẹ́fà wà nínú rẹ̀, wọ́n ń dán. Ó ní, “Báàbù ṣẹ́rì rẹ rè é.” Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀, ẹja ni. Rebecca sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. Ó rí i pé kò sí ìlà dúdú tó fà dé ìrù. Ó rí i pé akọ kò yàtọ̀ sí abo, pé àwọ̀ kan náà ni gbogbo wọn. Ó gbójú kúrò níbẹ̀, torí wọ́n wù ú.

Ní báyìí, ó fi àwọ̀n gbé èyí tó kú sórí àwo. Ìyàwó fà sí kọ̀rọ̀ àpótí, lẹbẹ rẹ̀ ti di àkísà. Àwọn márùn-ún tó kù ń yí i ká.

Tẹniọlá, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, ń jẹ búrẹ́dì lórí àga. Ó ní, “Àǹtí, òkú ẹja tún ti dé orí tábìlì. Ọjọ́ wo la máa sinmi?”

“Wá wo nǹkan.”

“Mi ò wá. Mò ń jẹun.”

Rebecca tẹ ẹ̀yìn ẹja náà. Ibì kan wà lẹ́bàá lẹbẹ òkè tó wú díẹ̀, bí ibi tí ẹ̀fọn jẹ. Ìgbà tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nǹkan kan rọra jáde láti abẹ́ awọ. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Omi tó ní àwọ̀ olómi-ọsàn ni, ó ń ṣàn sórí àwo, ó sì lẹ̀ mọ́ ìka rẹ̀. Ibi tó ti ṣàn kúrò di funfun. Lára funfun yẹn, ìlà mẹ́rin yọ lóòró, ó ṣe fírífírí bí ojú àpá tó ti jinná. Báàbù abilà ni, irú èyí tí wọ́n bí láìní dúdú lára.

Ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́, kò lọ. Ó fi kànrìnkàn ha á, kò lọ. Ó wá rántí ibi tó ti rí irú àwọ̀ yẹn rí. Lórí tábìlì Mákánjúọlá ni, ní Ṣómólú, níbi tó ti máa ń fi síríǹjì fa íńkì sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Obìnrin tó lè fi ọwọ́ kan náà yọ ìfun apẹ̀rẹ̀ ẹja kan, kó sì fi í jẹ gààrí tó bá ṣan ọwọ́ tán, di etí bákéètì mú, ó ń mí gúlegúle.

Mákánjúọlá dé ní ìrọ̀lẹ́. Náílọ̀nù mìíràn ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, àgbálùmọ̀ ló kún inú rẹ̀.

Ó ní, “Mo ra ṣẹ́rì wá fún ṣẹ́rì mi.”

Rebecca mú àgbálùmọ̀ kan nínú náílọ̀nù náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì. Àwọn ẹja kọjá níwájú rẹ̀. Àwọ̀ kan náà ni, kò fi ibì kankan yàtọ̀.

Tẹniọlá bú sẹ́rìn-ín. “Bọ̀dá, ṣé àgbálùmọ̀ lẹ fi ṣe sáńpù ni?”

“Ṣẹ́rì kọ́ ni? Láti kékeré la ti ń pè é ní ṣẹ́rì ní Ṣómólú.”

“Ṣẹ́rì òyìnbó ni wọ́n fi sọ ẹja yẹn lórúkọ, Bọ̀dá. Pupa ni ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ kéèkì.”

Mákánjúọlá wo ọ̀kan, ó wo èkejì. Rebecca ń wò ó. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ló mọ, ó ṣeé fi rẹ́rìn-ín. Èèyàn lè ṣi àwọ̀ mú.

Rebecca ní, “Kí lẹ fi gún àwọn ẹja yìí?”

“Olólùfẹ́ mi, ìfẹ́ ni ó—”

“Mi ò bi yín léèrè ìfẹ́. Abẹ́rẹ́ ni mò ń bèèrè.”

Mákánjúọlá jókòó. Kò dà bí ẹni tí wọ́n ká mọ́, ó dà bí oníṣẹ́ tí wọ́n ní kó ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀. “Funfun nìkan ni mo bá ní Palmgrove. Ẹ̀dá tí kò ní ẹwà, mo ní kí n dá a lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣé o rí íńkì yẹn, kì í ṣe èyí tó lọ́ràá. Olómi ni. Tí èèyàn bá fún un ní díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ awọ, á gbà.”

“Ṣé àwọn mìíràn kú kí ẹ tó rí mẹ́fà yìí?”

“Ìyẹn ni mo fi kọ́ ọ. Tí íńkì bá pọ̀ jù, wọn á máa pòòyì lójú kan, wọn á kú. Ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n báyìí.” Ó na ìka àtàǹpàkò sókè láti fi hàn wọ́n bó ṣe ń tẹ síríǹjì. “Kò sì sí èyí tó ké. Ẹja ni, kì í ké.”

Tẹniọlá gbé búrẹ́dì rẹ̀ sílẹ̀.

Rebecca wo àtàǹpàkò yẹn. Abẹ́ èékánná rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ díẹ̀. Ọwọ́ yẹn náà ni ọkùnrin yìí fi di òun lọ́wọ́ mú lọ́sẹ̀ tó kọjá, tó ń sọ̀rọ̀ òṣùpá. Ó nu ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́ ìró láìmọ̀. Ó kó àgbálùmọ̀ padà sínú náílọ̀nù, ó so ẹnu rẹ̀, ó nà án sí i.

“Gba ṣẹ́rì ẹ, kí o máa lọ.”

Ojú Mákánjúọlá yí padà. “Rebecca, èmi lò ń sọ ‘o’ sí? Èmi tí mo fi bí ọdún mẹ́wàá jù ọ́ lọ?”

“Ìwọ ni. Kí o sọ fún wọn nílé yín kí wọ́n má wá ní Sọ́ńdè.”

“Nítorí ẹja?”

“Nítorí abẹ́rẹ́.”

Ó wo Tẹniọlá bóyá á gbè é, torí Tẹniọlá ló máa ń sọ pé tí Àǹtí bá fi ọkùnrin yìí sílẹ̀, ẹja ló máa fẹ́. Tẹniọlá ń wo ilẹ̀. Mákánjúọlá gba náílọ̀nù rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nǹkan kan nípa òdòdó àti ẹ̀gún. Rebecca ti ilẹ̀kùn kí ó tó dé ibi ẹ̀gún.

Ó kó Ìyàwó sínú bákéètì lọ́tọ̀. Ó da omi àpótí sí gọ́tà, ó sì fi omi tó ti pọn sílẹ̀ láti àná pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tó fi máa di Sọ́ńdè, àwọn márùn-ún náà ti ń ṣí lábàwọ́n lábàwọ́n: ibì kan pọ́n, ibì kan funfun, bí ògiri tí òjò pa. Wọ́n sì ń gé ara wọn nírù jẹ. Wọn ò rẹwà, bẹ́ẹ̀ ni kò fẹ́ràn wọn. Tó bá ń fún wọn lóúnjẹ, á kọjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ó ń fún wọn.

Ẹnikẹ́ni kò wá. Ní Mọ́ńdè, ó gbé àtẹ rẹ̀ jáde. Oníbàárà kan mú ẹja yíyan kan, ó ń yí i wò, ojú rẹ̀ bá ìka Rebecca.

“Ìyá, kí ló wà lọ́wọ́ yín yìí?”

“Íńkì ni. Ọkùnrin kan ló fi gún ẹja.”

Obìnrin náà yára gbé ẹja tó mú sílẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ aṣọ. “Èyí ńkọ́?”

“Iná ló pa èyí láwọ̀,” ni Rebecca wí. “Fi imú sí i kí o gbóòórùn.”